Ẹni tó ń sanwó kọ́ ni aláìsàn: káàdì ọdọọdún kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ aláìsàn mi kan tí n ó máa pè ní Màmá, èyí tó wà ní Houston ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ pè mí, kì í ṣe Màmá fúnra wọn. Ó ti gbọ́ pé ilé ìwòsàn kékeré wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ti bẹ̀rẹ̀ káàdì ọdọọdún: kí ẹbí san iye kan lóṣù tàbí lọ́dún, kí dókítà kan náà máa tọ́jú wọn, kí ó máa gbé fóònù bí wọ́n bá pè, kí ó sì máa yà wò wọ́n nílé. Ó ní irú rẹ̀ lòun náà ń lò lọ́hùn-ún. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti fi owó oṣù 12 ránṣẹ́, 20,000 náírà lóṣù. Mi ò tíì fojú kan Màmá.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti wáyé, èmi ni mo sì ṣe é. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ ń ronú láti ṣe irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Màmá gbà kí n kọ ọ́. Mo yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.

Irú ìtọ́jú yìí, Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní 1996, ní ìlú Seattle, dókítà kan tó ń jẹ́ Howard Maron, tó ti ń tọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n SuperSonics, dá MD2 sílẹ̀: ìdílé díẹ̀ péré, owó ọdún gọbọi, dókítà tí kì í kánjú. Ní 2000 ni MDVIP bẹ̀rẹ̀ ní Florida. Owó tiwọn kò tó ìyẹn, dókítà kọ̀ọ̀kan wọn kì í sì í gbà ju nǹkan bí 600 ènìyàn lọ, nígbà tí ènìyàn 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà lọ́rùn dókítà ẹbí mìíràn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní direct primary care jáde: owó oṣù tí kò wúwo, tí dókítà kò sì ní í béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kankan. Nínú gbogbo rẹ̀, àkókò dókítà ni ènìyàn ń rà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ń san irú owó yìí ní Amẹ́ríkà sábà máa ń ní ìnṣọ́ránsì lọ́tọ̀ tí yóò bá a gbé ẹrù ńlá. Ọmọ Màmá ní ìnṣọ́ránsì ní Houston. Màmá kò ní ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi kò sì béèrè.

Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Wọ́n ti ta aṣọ lọ́jà Òkè-Ajé fún ọdún tó lé ní 30 kí orúnkún tó dá wọn jókòó sílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn láti nǹkan bí ọdún 12, ìtọ̀ ṣúgà láti ọdún 5. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: ti Houston, obìnrin kan ní Èkó, àbígbẹ̀yìn ní Àbújá. Ọmọ-ọmọ wọn kan, ọmọ ọdún 14, ló ń gbé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé ọ̀rá dúdú kan jáde, wọ́n da ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì. Oògùn láti ibi mẹ́rin ni. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórúkọ ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Màmá sì ti ń lo méjèèjì pọ̀, torí dókítà kan ló kọ ọ̀kan, kẹ́míìsì ló ta èkejì. Mo lo wákàtí kan àti ààbọ̀ níbẹ̀. Mo kó èyí tí kò yẹ kúrò, mo fi amlodipine 10 mg kan ṣoṣo sílẹ̀, pẹ̀lú metformin àti glibenclamide fún ṣúgà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Láàárín èrò, nínú ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni ǹ bá fi rí Màmá yìí, ọ̀rá dúdú yẹn kò sì ní í jáde. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Mo rò pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Àwọn ọmọ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n pè é ní Ìlera Màmá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, èmi àti nọ́ọ̀sì wa náà wà níbẹ̀. Ọmọ Houston ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́. Láràárọ̀, ọmọ-ọmọ yóò wọn Màmá, yóò sì kọ nọ́ńbà náà síbẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Ó dára lójú mi. Mo tilẹ̀ fi han dókítà ẹlẹgbẹ́ mi kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ.

Lóṣù àkọ́kọ́, nọ́ńbà náà ń lọ sókè-sódò: 168/96, 151/88, 159/94. Nígbà tó bá ga, tí Houston bá ti jí, fóònù Màmá á dún. "Màmá, kí lẹ jẹ lánàá?" Ti Èkó á tẹ̀lé e: ẹ̀bà ni, àbí ìkọ́kọrẹ́ ni, ta ló ní kí ẹ jẹ ẹ́ lálẹ́? Ti Àbújá á fi fídíò oníwàásù ìlera kan ránṣẹ́. Èmi náà á kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú tèmi sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ara ti balẹ̀: 130/80. 128/80. 130/80. Àwọn ọmọ ń dúpẹ́, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Mo gba oríkì náà. Nítorí pé nọ́ńbà dára, tí àwọn mìíràn sì ń pè mí, mi ò yà sílé Màmá fún oṣù méjì tẹ̀lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ a ti ṣàdéhùn pé oṣooṣù ni n ó máa yà.

Nọ́ọ̀sì wa ló rí i. Ó ní, "Dókítà, ẹ wá wo nǹkan yìí." Nínú nọ́ńbà 23 tó wọlé lóṣù náà, 17 ló jẹ́ 130/80 géérégé. Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ á mú 127/83 wá lónìí, á mú 134/78 wá lọ́la. Èèyàn ló máa ń fi òdo parí nọ́ńbà.

Mo pe Màmá pé mò ń bọ̀. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, oúnjẹ wà. Nígbà tí a jẹun tán, tí wọ́n sì ti sinmi, mo wọn ìfúnpá wọn: 194/106. Mo dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tún un wọ̀n: 188/104. Ẹsẹ̀ wọn wú. Mo gbé ẹ̀rọ tiwọn, mo tẹ bọ́tìnì tó ń fi àwọn nọ́ńbà àtẹ̀yìnwá hàn. Ìwọ̀n tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 11.

Ọmọ-ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màmá ní kó lọ sínú yàrá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo ní kó máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ga, gbogbo yín ni ẹ ó máa bá mi wí. Èmi tí mo fi ọjà Òkè-Ajé tọ́ wọn, mo wá di ọmọ ilé ìwé nínú ilé mi." Nígbà tó yá, wọ́n wò mí, ìwò náà kò le, wọ́n ní: "Dókítà àwọn ọmọ mi ni ọ́. Èmi ò tíì ní dókítà."

Mi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni. Ọmọ ló pè mí, ọmọ ló sanwó, ọmọ ló fọwọ́ síwèé, lọ́wọ́ ọmọ ni mo ti ń gba oríkì. Nǹkan tí mo gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ Màmá, ó ti kọ́ wọn láti máa fi ara wọn pamọ́ fún mi. Ewu rẹ̀ sì ju ti àìní dókítà rárá lọ, torí ẹni tí kò ní dókítà mọ̀ pé òun kò ní. Àwa tiẹ̀ ti fọkàn balẹ̀ lórí 130/80.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni bàtà. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà wọn, ti yan aṣọ, wọ́n ti yan bàtà tí wọn ó wọ̀ síwájú Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ẹsẹ̀ Màmá kò wọ bàtà náà. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ sọ fún wọn pé oògùn ìfúnpá ló ń wú ẹsẹ̀, irọ́ kọ́ sì ni, amlodipine máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ó bá pọ̀. Wọ́n dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò fà tán, torí diclofenac tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì fún orúnkún ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀: ó ń da omi àti iyọ̀ dúró nínú ara, ó ń gbé ìfúnpá sókè, ó sì ń ṣe kíndìnrín ní ìjàǹbá. Wọn kò dárúkọ diclofenac fún mi rí, nítorí lójú wọn ti orúnkún ni, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ti béèrè oògùn "tí ẹ ń lò," mi ò béèrè "kí lẹ máa ń rà bí orúnkún bá ń dùn yín." Ìbéèrè kejì yìí ni mò ń béèrè báyìí.

Ti oògùn kò ṣòro. Diclofenac dúró, paracetamol àti ìdárayá orúnkún rọ́pò rẹ̀. A dá amlodipine padà ní 5 mg péré, a fi losartan 50 mg, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kún un, èyí tó tún dára fún kíndìnrín oní-ṣúgà. A yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún creatinine, tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, àti potassium, tí losartan lè gbé sókè, kí a tó bẹ̀rẹ̀, a tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìfúnpá wọn wà láàárín 138 sí 144 lókè. Ẹsẹ̀ fà. Wọ́n wọ bàtà náà lọ sí Ojúde Ọba.

Èyí tó ṣòro ni ti ọmọ. Mo pe Houston, mo sọ fún un pé a óò ti ẹgbẹ́ WhatsApp náà pa, pé láti òní lọ ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì wa nìkan ni nọ́ńbà Màmá yóò máa lọ. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Dókítà, èmi ni mò ń sanwó o."

Mo sọ fún un pé National Health Act ti 2014, abala 26, sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera ẹni tí a ń tọ́jú, owó ọmọ kò sì yí i padà. Pé òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 náà wà ńlẹ̀. Òfin kò wọ̀ ọ́ létí. Ohun tó wọ̀ ọ́ létí ni ìgbà tí mo bi í pé, níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣé kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ ló ń san púpọ̀ nínú owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, ṣé ó fẹ́ kí ọ̀gá náà máa ka ìfúnpá rẹ̀ láràárọ̀, kó sì máa pè é lálẹ́ lórí oúnjẹ tó jẹ? Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá Màmá sọ̀rọ̀." Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Lọ́jọ́ kejì, Màmá ni wọ́n pè mí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn pè mí láti oṣù méje.

A jókòó, èmi àti Màmá nìkan, a tún àdéhùn ṣe. Wọ́n ní àwọn ọmọ lè gbọ́ ohun mẹ́ta lẹ́nu mi: pé mo ti rí àwọn lóṣù náà, pé ó yẹ kí wọ́n gbé àwọn lọ sílé ìwòsàn ńlá, àti iye owó tó bá nílò. Ìyókù, àwọn fúnra wọn ni yóò sọ ọ́ bí ó bá wù wọ́n. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rọ fúnra wọn. Ọmọ-ọmọ bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé lé ọmọ ọdún 14 lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà tó burú ti ń wọlé. Àwọn ni mo lè fi ṣiṣẹ́.

Wọ́n tún sọ fún mi nígbà náà pé àwọn gbààwẹ̀ Ràmàdáánì tó kọjá láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tòun ti glibenclamide, oògùn tó lè já ṣúgà èèyàn lulẹ̀ bí kò bá jẹun. Nígbà tí èyí tó tẹ̀lé e ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, wọ́n wá bá mi. "Mò ń gbààwẹ̀ o. Mi ò wá gbàṣẹ, mo wá gba ìmọ̀ràn." Mo sọ èrò mi, pé ìbá wù mí kí wọ́n má gbà á, pé ẹ̀sìn wọn gan-an yọ̀ǹda fún aláìsàn. Wọ́n ní ààfáà ti sọ bẹ́ẹ̀ náà. A wá fi ohùn ṣọ̀kan: metformin lọ sí àsìkò ìṣínu, glibenclamide di ìdajì, kí wọ́n máa wọn ṣúgà lọ́sàn-án àti ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bí ó bá sì wà nísàlẹ̀ 70, kí wọ́n tú àwẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, fóònù mi dún lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, òógùn ń bò wọ́n, ẹ̀rọ ní 64. Mo ní kí wọ́n po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sínú omi, kí wọ́n mu ún, kí wọ́n má fi fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 wọ́n tún un wọ̀n: 92. Mo dá glibenclamide dúró pátápátá lálẹ́ ọjọ́ náà; ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tí owó ọdún ń rà, ìpè yẹn ni. Ká ní ọdún àkọ́kọ́ ni, wọn ì bá má pè.

Ó wá ku ibi tí owó náà kò dé. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, Màmá ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn dá. Mo débẹ̀ kíákíá, mo mọ ohun tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí ẹsẹ̀ òsì ti kúrú, ó sì ti yí síta. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá. Wọ́n béèrè owó àsansílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Mo pe àwọn ọmọ. Ti Èkó ní, "Ṣebí a ti sanwó ọdún fún yín?"

Kò purọ́ mọ́ mi. Wọ́n rò pé owó náà ló bo gbogbo rẹ̀. Ó wà nínú ìwé àdéhùn pé kò bò ó: ojú ìwé márùn-ún, lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ Houston fọwọ́ sí lórí fóònù rẹ̀. Màmá kò rí i rí. (Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ní káàdì tiẹ̀ ti wá bá mi lópin ọdún pé òun kò ṣàìsàn, kí n dá owó òun padà, bí ìgbà tí alájọ ń kó àjọ fún èèyàn. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti mọ̀ pé àlàyé wa kò yé ẹnikẹ́ni.) Bí egungun ìbàdí bá dá, ó yẹ kí iṣẹ́ abẹ wáyé láàárín ọjọ́ kan sí méjì, nítorí ìdùbúlẹ̀ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì, ẹ̀dọ̀fóró á máa kún, ara á máa bó. Ọjọ́ kẹrin ni owó pé. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn, mi ò lè bọ́ nínú rẹ̀. Òfin NHIA, àjọ ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ti 2022 ti sọ pé kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ní ìnṣọ́ránsì ìlera, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní iléeṣẹ́ tirẹ̀ fún un. Mi ò sọ pé ìyẹn ì bá san gbogbo owó iṣẹ́ abẹ náà. Ṣùgbọ́n láti ọdún kejì tí mo ti ń gbowó Màmá, mi ò bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé, bí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ohun tí mo lè ṣe níbẹ̀, mo ṣe é. Mo gbé ojú ìwé kan lọ: oògùn wọn, creatinine wọn láti ọdún kan àbọ̀, ṣúgà wọn, ìtàn glibenclamide, pé kí wọ́n má fún wọn ní diclofenac. Dókítà tó ń fúnni lóògùn oorun kà á tán, ó ní kí wọ́n má lo losartan láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó sì béèrè ìbéèrè méjì péré. Màmá jáde láàyè. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí.

Láti ìgbà náà, a kì í gba owó kí a tó rí ẹni tí a fẹ́ tọ́jú. Ojú ìwé kan ni àdéhùn wa, Yorùbá ni, a sì máa ń kà á sókè fún aláìsàn fúnra rẹ̀: ohun tí owó yìí ń ṣe, ohun tí kò ní í ṣe láéláé. Kí ọmọ tó fọwọ́ sí i, a máa ń ní kó fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ fún wákàtí kan, a ó sì béèrè ohun tí wọ́n gbà kí ọmọ gbọ́. Ẹni tí kò bá ní ìnṣọ́ránsì, nọ́ọ̀sì wa yóò bá a forúkọ sílẹ̀ kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Màmá wá béèrè káàdì fún gbogbo ẹgbẹ́, mo ní rárá. Ìdílé 150 ni mo lè mọ̀ dénú, òwúrọ̀ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tí kò ní káàdì. Èmi nìkan ni dókítà níbẹ̀, bí mo bá sì gba ẹgbẹ́ náà, ara àwọn wọ̀nyí ni n ó ti gé e.

Lánàá, Màmá fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù nọ́ọ̀sì. 157/93 ni, wọ́n ní wọn kò sùn dáadáa, ìbàdí ń dùn wọ́n, wọ́n sì jẹ ìkọ́kọrẹ́ lálẹ́. Mò ń lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án òní.